Owó Tí Wọ́n Fi Kọ́ Ilé Olódi Penrhyn

Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe ní Liverpool, síléètì sì ni òkúta tó ń bọ́ mi. Ẹni tó bá lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà láyé ọjọ́un á rántí síléètì tí a fi ń kọ ABD. Irú òkúta yẹn náà ni wọ́n fi ń bo orí ilé níbí. Mo ti tú òrùlé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí igi abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, tí ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà tán, síbẹ̀ tí síléètì orí rẹ̀ ṣì mọ́ ṣáká. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó fi ọwọ́ kan gbé e sókè, a ó fi egungun ìka ọwọ́ kejì kàn án. Bó bá dún gooro, yóò tún padà sórí ilé, a ó sì fi ìṣó bàbà tuntun kàn án mọ́lẹ̀. Bó bá dún pòkì, ó ti sán nínú nìyẹn, kò wúlò mọ́.

Orúkọ àwọn ìyàwó ọlọ́lá ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n síléètì. Èyí tó gùn ní íńṣì 24, tó fẹ̀ ní 12, ni Duchess. Íńṣì 20 sí 10 ni Countess. Èyí tó kéré, íńṣì 16 sí 8, ni wọ́n ń pè ní Lady. Orí àjà ilé ní Toxteth ni mo ti kọ́ gbogbo èyí, níbi tí àwọn kọ́lékọ́lé ará Wales kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí láyé Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n fi ń pe àwọn àdúgbò kan níbẹ̀ ní Welsh Streets títí dòní. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà, bàbá ará Wales ni. Ọ̀gá ni mo ń pè é títí di ìsinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń lọ wo ilé olódi Penrhyn, níbi tí àwọn tó ni kòtò síléètì tó tóbi jù láyé, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà, ń gbé nígbà kan, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní kí n lọ, kí n la ojú mi dáadáa, nítorí òun ò ní tẹ ibẹ̀ láéláé. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú kòtò yẹn.

Ẹ̀bá ìlú Bangor ni Penrhyn wà, ní àríwá Wales, láàárín òkè Eryri àti omi Menai tó ya erékùṣù Anglesey sọ́tọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fojú kàn án á búra pé àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ló kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ rí tóóró, ilé ìṣọ́ ńlá kan sì dúró níwájú tí wọ́n fi ilé ìṣọ́ Hedingham ní Essex ṣe àwòkọ, èyí tó jẹ́ ojúlówó iṣẹ́ àwọn Norman, àwọn jagunjagun tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Ṣùgbọ́n ti Penrhyn kò tíì pé 200 ọdún tí wọ́n parí rẹ̀. Láàárín nǹkan bí 1820 sí 1837 ni ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Thomas Hopper kọ́ ọ fún George Hay Dawkins-Pennant. Kò sí ọ̀tá kankan tó dóti ibẹ̀ rí. Ilé àtijọ́ kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìdílé Gwilym ap Gruffudd, àwọn ọmọ onílẹ̀, ti ń gbé láti nǹkan bí 1400 sókè, ṣùgbọ́n ilé tuntun ti gbé e mì.

N kò ní purọ́, ilé náà gún régé. Òrùlé tó wà lórí rẹ̀ lé ní 70, èmi sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: gbogbo ibi tí òrùlé méjì bá ti pàdé ni omi ti ń wá ọ̀nà wọlé. Ní inú, àtẹ̀gùn òkúta ńlá kan wà tí wọ́n gbẹ́ ojú àti ọ̀ṣọ́ sí lára láti ìsàlẹ̀ dókè, débi pé ojú èèyàn ò mọ ibi tí yóò bà lé. Iṣẹ́ ọdún bíi mẹ́wàá ni àtẹ̀gùn yẹn nìkan. Ibùsùn kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n fi síléètì ṣe látòkèdélẹ̀, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n ní nítorí Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ṣe ṣe é, pé nígbà tó sì wá síbẹ̀ ní 1859, ó kọ̀, kò sùn lórí rẹ̀, torí ó jọ ibojì lójú rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ibùsùn náà nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ò wò mí. Tútù ni, bí síléètì ṣe máa ń tutù, etí rẹ̀ sì dán débi pé mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ṣe é kò yára.

Wọ́n fojú bù ú pé pọ́n-ùn 150,000 ni ilé náà ná wọn láyé ìgbà yẹn. Ibi tí owó yẹn ti wá ló gbé mi dé ibẹ̀.

Láti Jàmáíkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1655 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù yẹn lọ́wọ́ àwọn Sípéènì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gifford Pennant, tí ìdílé rẹ̀ ti Flintshire ní Wales wá, kó ilẹ̀ jọ ní agbègbè Clarendon. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ fi kún un. Ìrèké ni wọ́n ń gbìn, ṣúgà àti ọtí rọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹrú ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ Jàmáíkà, ọmọ Ákánì àti ọmọ Ìgbò ni wọ́n. Àwọn èèyàn tiwa wà lára wọn náà, àwọn mìíràn sì dé lẹ́yìn òmìnira, tí wọ́n fi ń pe ìletò kan ní Westmoreland, ní apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà, ní Abeokuta. Ní Clarendon, orúkọ oko àwọn Pennant ò tíì parẹ́. Ìlú kékeré kan ń jẹ́ Pennants, orí ilẹ̀ Denbigh sì ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó lókìkí jù ní Jàmáíkà lọ́dọọdún. Ìlú kan ní Wales ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ oko yẹn.

Richard Pennant ni ẹni tó so ṣúgà mọ́ síléètì. Ó jogún oko Jàmáíkà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Anne Warburton sì mú apá kan nínú ilẹ̀ Penrhyn wá sílé ọkọ. Ó ra èyí tó kù. Ní 1783, wọ́n fi í jẹ Báróònì Penrhyn. Ó ṣojú Liverpool ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, Liverpool tí ọkọ̀ ẹrú ń ti ibẹ̀ lọ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Òun tún ni alága ẹgbẹ́ àwọn olóko àti oníṣòwò tó ń jẹ láti erékùṣù Karibíà. Nígbà tí aṣòfin William Wilberforce dìde ní oṣù May 1789 pé kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú, Penrhyn wà lára àwọn tó dìde ta kò ó. Ó ní bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, dúkìá tó tó mílíọ̀nù 70 pọ́n-ùn ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́ yẹn.

Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Jàmáíkà rí. Lẹ́tà ló fi ń ṣàkóso. Àwọn lẹ́tà yẹn wà ní yunifásítì Bangor, ó sì wà nínú ọ̀kan lára wọn pé òun ò fẹ́ kí wọ́n lo màlúù tàbí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlò àpọ̀jù. Màlúù ló kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn kan máa ń mú gbólóhùn yẹn jáde láti fi sọ pé aláàánú ni. Èmi gbà pé ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn: ọkùnrin tó lójú àánú, tó ń ka Bíbélì, tó jókòó ti iná rẹ̀ ní Wales, tó to èèyàn àti ẹran mọ́ ara wọn nínú ìwé, tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

Owó ṣúgà yẹn ló gbé wọ inú òkè síléètì tó wà lórí ilẹ̀ Penrhyn. Kí ó tó dé, àwọn ará abúlé ló ń fọ́ síléètì níbẹ̀ ní kéékèèké, olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀. Richard gba gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀, ó la títì, ó ṣe èbúté sí etí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bangor, tí wọ́n ń pè ní Port Penrhyn, ó sì ṣe ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé síléètì ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé ìwé. Ní 1801, ojú irin tí ẹṣin ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta láti orí òkè wá sí èbúté. Ó kú ní 1808, ọdún kan lẹ́yìn tí ilé aṣòfin fòpin sí òwò ẹrú níkẹyìn. Kò bímọ. Ìbátan rẹ̀, George Hay Dawkins, ló jogún, tó fi Pennant kún orúkọ ara rẹ̀, òun ló sì kọ́ ilé olódi tí à ń wò yìí.

Ní 1833, ilé aṣòfin ṣe òfin pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ìjọba yá mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn láti fi san owó gbà-má-bínú. Àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n san án fún. Orúkọ Dawkins-Pennant wà nínú ìwé ìgbowó náà: èèyàn 764, pọ́n-ùn 14,683, ṣílè 17, pẹ́nsì 2. Wọn ò gbàgbé pẹ́nsì méjì. Bí ẹ bá pín in, kò tó pọ́n-ùn 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 764 yẹn ò rí kọ́bọ̀ gbà. Òfin náà tún ní kí àwọn àgbàlagbà inú wọn ṣì máa sin ọ̀gá wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀, lábẹ́ orúkọ iṣẹ́ kíkọ́, bí ẹni pé wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ìrèké. 1838 ni ìyẹn tó dópin. Ní púpọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ Hopper lórí ilé olódi náà ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò san gbèsè mílíọ̀nù 20 yẹn àti èlé orí rẹ̀ tán títí di 2015. Mo ti wà ní Liverpool nígbà yẹn, wọ́n ń yọ owó orí kúrò nínú owó iṣẹ́ mi lóṣooṣù. Èmi àti àwọn ọmọ Jàmáíkà tí a jọ ń gun àkàbà, a jọ dá owó náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á.

George bí ọmọbìnrin méjì. Èyí àgbà, Juliana, fẹ́ Edward Gordon Douglas, ọmọ ọlọ́lá ará Scotland, òun náà sì fi Pennant kún orúkọ rẹ̀ kí ogún lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní 1866, wọ́n sọ ọ́ di Báróònì Penrhyn. Àkókò yìí ni kòtò náà di àràbà. Nígbà tó máa fi di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó gùn tó máìlì kan, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200, èèyàn tó ń lọ sí 3,000 ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí kòtò síléètì tó tó o láyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, nítorí nínú ilé olódi, èèyàn lè rìn láti yàrá dé yàrá kó má ronú kàn án. Ẹni tó wà lára òkè á so okùn mọ́ igi tàbí irin lókè, á wé e mọ́ itan rẹ̀ ní ìlọ́po, á sì rọ̀ sódì lára òkúta kó tó lè lu ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ nínú àgọ́ á jókòó, á gbé òkúta lé itan, á fi ìfọ́ irin àti òòlù igi là á sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ọ̀jáfáfá fi ń sọ òkúta kan di odidi ìtòpelemọ síléètì. Eruku rẹ̀ kì í jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Iye tí wọ́n ń gbà sì ń yàtọ̀. Àwọn mẹ́ta mẹ́rin á gba apá kan lára òkè, wọ́n á bá alábòójútó nájà lóṣooṣù lórí iye tí wọ́n máa san lé iṣẹ́ wọn, nítorí òkúta kì í dọ́gba. Apá kan á là dáadáa, apá kan á jẹ́ àfọ́kù lásán. Bí alábòójútó bá kórìíra rẹ, òkúta burúkú ni yóò fún ọ, ebi á pa àwọn ọmọ rẹ.

Èyí ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe pàtàkì sí wọn. Ní 1874 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì rí àdéhùn gbà. Ọmọ Edward, George Sholto, ló fagi lé àdéhùn náà ní 1885. Ó ní òun ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dúró láàárín òun àti àwọn òṣìṣẹ́ òun. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1896, ó sì gba nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìjà tó wá fọ́ ìlú bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù November 1900. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ 2,800 ló kó irinṣẹ́ wọn, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ sílé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni.

Ìlú Bethesda tí wọ́n ń gbé wà lábẹ́ òkè náà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin gba apá gúúsù Wales lọ láti wa èédú. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin jáde láti Bethesda, tí wọ́n ń kọrin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá owó oúnjẹ ránṣẹ́ sílé. Nígbà tó di oṣù June 1901, George Sholto, tó ti di Lọ́ọ̀dù Penrhyn, tún ṣí kòtò náà, àwọn ọgọ́rùn-ún mélòó kan sì padà. Wọ́n fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ẹyọ owó wúrà kan. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí kò padà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé mọ́ fèrèsé wọn, ní èdè Wales: *Nid oes bradwr yn y tŷ hwn*. Kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ilé yìí. Ilé tí ìwé náà bá ti kúrò ní fèrèsé rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé baálé ibẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò kí àbúrò mọ́, àwọn tó jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pínyà. Ìjọba kó ṣọ́jà wá. Ní November 1903, ebi ló parí ìjà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ pàdánù, wọ́n padà láìrí ohun tí wọ́n béèrè gbà, àwọn kan ò sì rí iṣẹ́ gbà níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ọ̀gá mi kò sọ fún mi rí bóyá ìwé yẹn wà ní fèrèsé bàbá bàbá rẹ̀ títí dópin. N kò bi í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ìdílé pọ̀ ní Bethesda tí ẹsẹ̀ wọn ò tíì wọ ilé olódi yẹn títí dòní, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ló lè sọ pé ọdún ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, agbára ìdílé náà ń relẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó àwọn àwòrán iyebíye láti National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù wá pamọ́ síbẹ̀ nítorí bọ́ǹbù. Báróònì kẹrin kú ní 1949. Nítorí owó orí ogún, ilé náà bọ́ sí ọwọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àti ilẹ̀ ìtàn, ní 1951, àwọn náà ló ń tọ́jú rẹ̀ dòní. Ní 2021, UNESCO fi àwọn ilẹ̀ síléètì àríwá Wales, tó fi mọ́ kòtò àti ilé olódi Penrhyn, sínú àwọn ogún àjùmọ̀ni àgbáyé.

Ní 2007 ni wọ́n ṣe ìpàtẹ kan nínú ilé náà lórí ṣúgà àti síléètì, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Jàmáíkà síta. Ní 2020, National Trust gbé ìwé kan jáde lórí ilé tí owó ẹrú àti owó àmúnisìn kàn lára àwọn ilé tó wà níkàáwọ́ wọn, Penrhyn sì wà níbẹ̀. Àwọn kan bínú gidigidi. Wọ́n ní wọ́n ń ba ìtàn jẹ́, pé ṣe ni kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn gbádùn ọgbà òdòdó kó sì mu tíì rẹ̀. Inú bí mi sí ìbínú yẹn. Iye owó tí wọ́n gbà lórí àwọn 764 wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, pẹ̀lú ṣílè àti pẹ́nsì. Lẹ́tà màlúù wà ní Bangor. Ta ló wá ba ìtàn jẹ́ níbẹ̀? Èmi ò sọ pé kí wọ́n wó ilé náà. Àwọn tó gbẹ́ òkúta yẹn, ọwọ́ wọn dáa, òṣìṣẹ́ bíi tèmi ni wọ́n, iṣẹ́ wọn yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n kí àkọlé tó wà ní ẹnu ọ̀nà tóbi tó èyí tó wà lábẹ́ àwòrán àwọn báróònì.

Ẹ wo àwòrán kan bí ẹ bá débẹ̀. Henry Hawkins ló yà á ní 1832, kòtò Penrhyn ni, àwọn òṣìṣẹ́ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú, àwọn kan ń rọ̀ lára okùn lórí òkè gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé. Mo pẹ́ níwájú rẹ̀. Kò sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún Clarendon, níbi tí èèyàn ti lè rí ojú àwọn tó ń gé ìrèké lẹ́nu iṣẹ́.

Láti Liverpool, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní Chester, ẹ sọ̀ ní Bangor. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Bethesda wà níbẹ̀, kò sì jìnnà. Ẹ fi òwúrọ̀ wo ilé olódi, kí ẹ fi ọ̀sán rìn ní òpópónà Bethesda, kí ẹ wo bí gbogbo ilé ọtí ibẹ̀ ṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, nítorí ilẹ̀ Lọ́ọ̀dù Penrhyn ni ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì fàyè gbà wọ́n. Wọ́n ṣì ń wa síléètì lórí òkè náà. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ọ̀wọ́n ni, àwa tó ń kan òrùlé sì ṣì ń rà á.